Iná Ọ̀fẹ́ ní Ifisin

Ahun pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n ti Ọlọ́runfẹ́mi ta wọ́n yọ. Láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀ oníná tí kì í mu epo, àlòkù kan báyìí, ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Kì í ra iná lójú ọ̀nà. Bó bá fẹ́ rìnrìn-àjò, á kọ́kọ́ ka àwọn ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ tó wà lọ́nà, á wá máa yà kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ dáadáa, wáyà tó fi ń fa iná sí ọkọ̀ lábẹ́ abíyá. Kì í tan ẹ́síì. Kì í sọ gíláàsì kalẹ̀, torí wọ́n ní atẹ́gùn ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ooru á mú un, á máa làágùn, á sì máa rẹ́rìn-ín pé òun jèrè.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, Ìlọrin ló ti gbéra ní kùtùkùtù. Ìkọ̀lé ló ń lọ, níbi tí àwọn òbí Morádéyọ̀, ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́, ti ń retí rẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Agbádá rẹ̀ àti agbọ̀n èso tí wọ́n fi ọ̀rá wé wà nínú búùtù. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé, àti àwọn mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò dúró bí ẹbí fún un. Fẹ́mi ti sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé òun kò ní ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ náà ti kú. Ṣùgbọ́n Màmá Alice, àbúrò bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́rin, tó ta epo pupa rán an níwèé, wà ní Ifisin, ara rẹ̀ le koko. Ohun tó ń ba Fẹ́mi lẹ́rù ni pé bí wọ́n bá pe Màmá, Màmá á kó gbogbo ẹbí dání. Bọ́ọ̀sì ni yóò gbé wọn, oúnjẹ ni wọn yóò jẹ, Ifisin sì yà kúrò lójú ọ̀nà, iná ọkọ̀ á lọ sí i. Ó ṣírò rẹ̀ títí, ó rí i pé ẹbí tí kò sí kì í náni lówó.

Ní Ọ̀tun, ó rí ilé epo kan tó ń ta iná fún ọkọ̀. Ó wo iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó pòṣé, ó kọjá. Ṣebí Ọláìtán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé, wà ní Ìdó, wẹ́dà sì ni, iná kì í wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó dé Ìdó, ó bá Ọláìtán níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lásán, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Wọ́n ti mú uná lọ láti àná," ni Ọláìtán wí.

"Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?"

"Ó wà. Ṣé wàá ra epo sí i?"

Fẹ́mi yí padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀.

"Ifisin nìkan ló ní uná," ni Ọláìtán tún wí. "Ṣebí ulé yín náà ni. Lọ sọ́dọ̀ Màmá."

Ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ló kù nínú bátìrì. Kò lè padà sí Ọ̀tun, kò sì lè dé Ìkọ̀lé. Fẹ́mi pinnu pé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Ifisin ni òun yóò wọ̀, òun yóò bẹ katikísì, òun yóò sì ti kúrò kí Màmá tó gbọ́. Ẹni tó bá rò pé òun lè sá pamọ́ ní Ifisin, ìlú ńlá ti bà á jẹ́. Kò tíì pa ọkọ̀ tán tí katikísì fi figbe ta.

"Fẹ́mi ọmọ Màmá Alice! Ọdún mẹ́ta gbáko! Ẹ sáré pe Màmá o!"

Màmá dé, ó dì mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Àjàní! Àjàní mi!" Nígbà tó gbọ́ pé iná ni ọkọ̀ ń fẹ́, ó yarí kanlẹ̀. "Ọmọ tó ní ulé kì í tọrọ uná ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbé e wá sí ulé."

Bí wáyà ṣe gba ojú fèrèsé wọ pálọ̀ Màmá nìyẹn. Iná ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Fẹ́mi kò lè jókòó. Ó wọlé, ó jáde, ó wo bátìrì: mọ́kànlá. Ó tún jáde: méjìlá. Tó bá fi máa di aago kan, ó lè tó ohun tí yóò gbé e dé Ìkọ̀lé, bí kò bá sáré. Nígbà tó tún wọlé, ó bá Màmá tó ti pa fáànù, tó sì ti yọ wáyà fíríìsà rẹ̀, ẹja sì wà nínú rẹ̀.

"Kí uná má baà pín," ni Màmá wí. "Kó lè tó ọ."

Fẹ́mi wo wáyà fíríìsà nílẹ̀. Ó jáde lọ wo bátìrì.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Màmá gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan, ó ní kí òun fi sínú ọkọ̀ fún un. Fẹ́mi rí i láti òkèèrè, ó sáré, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Màmá ti ṣí búùtù. Ó wo agbọ̀n èso, ó wo agbádá, ó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

"Àjàní! Aya lo fẹ́ lọ tọrọ! O wá gbé mi, o ò sì sọ. O fẹ́ kó yà mí lẹ́nu!"

Fẹ́mi la ẹnu láti sọ òótọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ló jáde.

Ìrìn-káàkiri wá di ìlọ́po méjì. Ó gbọ́dọ̀ bá Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé sọ̀rọ̀ kí ó tó dé Ìkọ̀lé, kí wọ́n tún ìtàn náà tò. Ó pè, kò lọ. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó gun òkúta, ó pè, kò lọ. Nínú ilé, Màmá ń wẹ̀, ó ń kọrin. Ìbílọlá, aládùúgbò rẹ̀, wá bá a wé gèlè. Kó tó di aago kan, Màmá ti jókòó sí iwájú ọkọ̀ nínú aṣọ tó ti ń tọ́jú de ọjọ́ yìí láti ọdún pípẹ́.

"Ẹ̀yin nìkan, Màmá? Àwọn ẹbí ńkọ́?"

"Èmi nìkan náà tó. Mi ò fẹ́ kó nira fún ọ."

Ojú ti Fẹ́mi. Bó ṣe rí ni mo ṣe sọ ọ́: ojú tì í wọra. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Ó sáré gbé e, kò rántí pé fóònù náà so mọ́ ọkọ̀. Ohùn Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé gba gbogbo inú ọkọ̀ kan.

"Fẹ́mi, a ti dé Ìkọ̀lé o. Mo ti sọ ọ́ bí o ṣe ní kí n sọ ọ́, pé gbogbo ẹbí rẹ ló ti kú tán. Wọ́n wá ń bi mí pé ta ló tọ́ ọ dàgbà. Òun náà ti kú, àbí?"

Nígbà tí Fẹ́mi fi rí ibi tó máa tẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Màmá kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè rẹ̀, ó ká a, ó sọ̀ kalẹ̀. Fẹ́mi di aṣọ rẹ̀ mú, ó ń pe, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Màmá." Màmá rọra já a gbà. Fẹ́mi sáré lọ sídìí wáyà kí ó fà á yọ.

"Má yọ ọ́," ni Màmá wí. "Jẹ́ kó kún. Òkú kì í tan uná."

Ó wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn.

Fẹ́mi dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìlẹ̀kùn kò ṣí. Aago kan lù. Ó jáde lọ wo bátìrì: ó ti tó. Ó ṣí ìlẹ̀kùn ọkọ̀, ó tì í. Ó tún ṣí i. Ó gbà pé òun lè lọ, kí òun dé Ìkọ̀lé kí aago mẹ́ta tó lù, kí òun padà wá bẹ Màmá lọ́la. Ó tì í padà. Ó já fóònù kúrò lára ọkọ̀, ó pe Morádéyọ̀, ó ní kó gbé e fún bàbá rẹ̀. Ó wọlé, ó tan sípíkà fóònù náà, ó gbé e sún mọ́ ìlẹ̀kùn yàrá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, irọ́ ni mo pa. Ìyá tó tọ́ mi wà láàyè. Ifisin ló wà. Mi ò fẹ́ náwó ni mo ṣe ní kò sí ẹnikẹ́ni."

Bàbá Morádéyọ̀ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ṣé ó ń bọ̀?"

Fẹ́mi wo ìlẹ̀kùn.

"Mi ò mọ̀, sà."

"Nígbà tó o bá mọ̀, kó o máa bọ̀," ni bàbá náà wí, ó sì pa fóònù.

Fẹ́mi jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn Màmá. Kò jáde lọ wo bátìrì mọ́.