Labalábá Ara Ògiri Bàbá Mùtíátù

Jẹ́jẹ́lọlá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó di èémí mú, ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ kámẹ́rà. Lára ògiri iwájú rẹ̀, ilé tí kòkòrò igi ọsàn kọ́ sé ara rẹ̀ mọ́ ti ń dúdú. Èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìyẹ́ tó ká jọ sínú rẹ̀. Kò ní pẹ́ là. Jẹ́jẹ́lọlá ti ya fọ́tò ẹyin, ó ti ya kòkòrò, ó ti ya ilé yìí náà. Labalábá nìkan ló kù. Àwọn tó ń tẹ ìwé ọmọdé ní Onírèké ti sọ fún un: bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, wọ́n á gbà á, bí ọ̀kan bá dín, kó gbé e padà sílé rẹ̀ ní Agbowó.

“Ta ló rán ọ?”

Bàbá Mùtíátù ni, onílé, ó ń run pákò. Láti ìgbà tó ti ní kí Jẹ́jẹ́lọlá kó jáde tí ìyẹn ò kó, agbára káká ni wọ́n fi ń kí ara wọn.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Labalábá ni mò ń yà.”

“Labalábá.” Ó tutọ́. “Onífọ́tò tó ń ya ìyàwó ní Ṣàngó. Labalábá wo ló fẹ́ gbéyàwó? Ibi tí ògiri mi ti sán lò ń yà, kí o lè gbé e fún lọ́yà.”

“Mi ò tiẹ̀ wo ibi tó sán, Bàbá.”

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́lọlá ò tíì mọ ibi tí bàbá yìí da tirẹ̀ sí. Kó tó dìde, bàbá ti já kámẹ́rà gbà, ó ti já ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, ó ń fa fíìmù jáde bí ẹni ń fa ìfun adìẹ. Ó nà án sójú oòrùn, ó ń wá ògiri rẹ̀ nínú rẹ̀.

“Kò sí nǹkan kan níbí,” ó ní. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

“Kò lè sí mọ́, Bàbá.”

Fíìmù tí oòrùn bá ti rí, ó fọ́jú nìyẹn. Ẹyin lọ, kòkòrò lọ, ilé náà lọ. Èébú kún ẹnu Jẹ́jẹ́lọlá, ó gbé e mì, nítorí pé ilé ara ògiri ti là. Labalábá fa ara rẹ̀ jáde, ó tutù, ó hunjọ bí aṣọ tí wọ́n fún. Ó rìn lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ó dúró létí ibi tó sán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ìyẹ́.

Jẹ́jẹ́lọlá gba kámẹ́rà rẹ̀, ó ki fíìmù tuntun sí i.

“Máa yà á,” Bàbá Mùtíátù ní. “Ṣebí labalábá lo ní.”

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tí Jẹ́jẹ́lọlá ti ń sùn ti ògiri yìí nínú yàrá rẹ̀, kò bi í léèrè rí bóyá ó lanu. Nínú dígí kámẹ́rà, lẹ́yìn ìyẹ́ tútù náà, nǹkan funfun kan wà nínú òkùnkùn ibi tó sán. Ó yí dígí títí ó fi hàn kedere.

Ìrọ̀rí Jẹ́jẹ́lọlá ni.

Bàbá Mùtíátù yọ pákò lẹ́nu. “Kí lò ń yà báyìí?”

Jẹ́jẹ́lọlá ń tẹ kámẹ́rà lọ. Nígbà tí labalábá gbéra níkẹyìn, tó gba orí òrùlé kọjá, kò gbójú tẹ̀ lé e, ibi tó sán ló ṣì ń yà.