Ojú Ìwé Kẹfà

Kí aago ilé-ìwé tó lù láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, Bàbá Mamyrkul, ọ̀kan lára àwọn àgbà abúlé, ti dúró de Anipa lẹ́nu géètì, yìnyín sì ti bo orí fìlà rẹ̀. Nígbà tí àgbàlagbà bá dúró nínú òtútù nítorí tíṣà àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, èèyàn ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

"Aysuluu ti kú," ni bàbá náà wí. "Mọ́tò ló gbá a ní Rọ́ṣíà níjẹta. Òkú rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la."

Anipa di irin géètì mú. Aysuluu ni ìyá Burulay, ọmọ ọdún méje tó máa ń jókòó níwájú ní kíláàsì rẹ̀. Ọdún kejì rèé tó ti ń fọ ilẹ̀ kiri lókè òkun, tó fi ọmọ sílẹ̀ fún Tajikan, ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀.

"Ṣé Màmá Tajikan ti gbọ́?"

"Ta ni yóò sọ fún un? Ìwọ?" Bàbá náà mójú le koko. "Lọ́la, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, àwa àgbà máa lọ túfọ̀ fún un bó ṣe yẹ ká túfọ̀, kí àwọn tó máa gbá a mú ti wà nítòsí. O mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà á láàmú. Tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé, òkú méjì la máa sin. Gbogbo abúlé ló ti gbọ́, gbogbo abúlé ló sì ti panu mọ́. Ó ku ìwọ àti ìwé alárànbarà rẹ yẹn."

"Bàbá, mo ti sọ fún àwọn ọmọ yìí pé a kì í purọ́ lórí ẹní ìkàwé wa."

"Ta ló ní kí o purọ́? Mo ní kí o dákẹ́."

Bí wọ́n ṣe ṣe é fún ìyá Anipa náà nìyẹn lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú, ó sì mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ìwé tí bàbá náà ń bú kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, àwòrán lásán ni, ojú ìwé mẹ́jọ. Ọmọ ẹṣin kan ni ìyá rẹ̀ sọdá òkè lọ wá koríko. Ní ojú ìwé kìíní ó ń rẹ́rìn-ín. Ní ìkẹta ẹ̀rù ń bà á. Ní ìkẹfà ìbànújẹ́ ti tẹ orí rẹ̀ ba. Ní ìkẹjọ ìyá rẹ̀ dé. Láti oṣù kẹsàn-án ni àwọn ọmọ ti ń yí ìwé yìí ká lórí ẹní onírun, tí Anipa ń bi wọ́n pé, "Ẹ wo ojú rẹ̀. Ẹ wo ẹnu rẹ̀. Kí ló wà nínú ẹ̀?" Burulay, tí kò dá sí ẹnikẹ́ni rí, ojú ìwé kẹfà ló la ẹnu rẹ̀. "Bí inú tèmi náà ṣe rí nìyẹn," ló wí. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ẹ̀kọ́ yìí di eré; bó bá délé, òun àti ìyá àgbà rẹ̀ á máa ka ojú ara wọn lẹ́bàá ààrò.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn ọmọ máa ń ka ìwé náà. Anipa kò lè fojú inú wò ó kí Burulay gbé àwòrán ìyá tó padà wálé mọ́ àyà. Nítorí náà, kí wọ́n tó wọlé, ó fa ojú ìwé kẹjọ ya, ó sì tì í sínú àpò rẹ̀. Ìwà òmùgọ̀ ni, ká má tan ara wa. Ọmọ tó ti ka ìwé kan fún oṣù mẹ́fà lo fẹ́ fi ojú ìwé kan pa mọ́ fún?

Wọ́n jókòó. Shirin, aláròyé kíláàsì, fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, torí ìyá rẹ̀ ti búra láti gé e létí bó bá tú àṣírí. Anipa ka ìwé náà dé ìkeje, ó pa á dé.

"Ó parí," ló wí.

"Kò tíì parí o, Àǹtí. Màmá ẹ̀ ò tíì dé," ni Burulay wí.

Burulay wo ibi tí bébà ti ya, ó wo Shirin, ó wo àwọn yòókù. Ó wá ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó ṣí ìwé náà sí ojú ìwé kẹfà, ó gbé e dání, ó ń lọ láti iwájú ọmọ kan dé iwájú èkejì, ó ń wo àwòrán, ó ń wo ojú wọn. Ó parí rẹ̀ síwájú Anipa.

"Àǹtí, gbogbo yín lẹ wà ní ìkẹfà. Ṣé màmá mi ni?"

Anipa rántí ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe. Ó rántí ẹní tó jókòó lé pẹ̀lú.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Wọ́n ti kú."

Ọmọ náà sunkún láyà rẹ̀ títí aṣọ rẹ̀ fi rin, àwọn ọmọ yòókù sì rọ̀gbà yí i ká, Shirin ń ké ju ẹni tọ́rọ̀ kàn lọ. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, Burulay gbójú sókè.

"Ṣé Màmá àgbà mọ̀?"

"Wọn ò tíì mọ̀. Àwọn àgbà ló máa sọ fún wọn lọ́la. Ara wọn ò gbà á kí wọ́n gbọ́ ọ lójijì."

Burulay ronú. "Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ojú kà. Èmi ni mo kọ́ wọn."

Ó fi apá aṣọ nu imú, ó ṣí ìwé sí ojú ìwé kìíní, ó lọ dúró níwájú gíláàsì fèrèsé. Ó fa ẹnu síbí, ó fà á sọ́hùn-ún. Ó yíjú padà.

"Ẹ wò ó, Àǹtí. Ṣé ó ti jọ ọ́?"

Anipa fẹ́ ní kó má ṣe é mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ohùn ara rẹ̀ ló gbọ́ tó ń sọ pé, "Gbé igun ẹnu ẹ sókè díẹ̀ sí i." Ó kórìíra ara rẹ̀ fún un.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú un délé. Tajikan jáde sí wọn, ìyẹ̀fun kún ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ń po búrẹ́dì, ó ń kọrin. Ó fi ìka méjì gbé àgbọ̀n ọmọ náà sókè.

"Jẹ́ n wò. Ojú ìwé wo rèé?"

"Ìkíní, Màmá àgbà."

"Kí ló wá dé tí ojú ẹ pọ́n?"

"Afẹ́fẹ́ ni."

"Ọmọ ẹṣin wa ńkọ́? Ṣé màmá ẹ̀ ti dé?"

"Wọ́n ti dé," ni Burulay dáhùn, ó sì gbé igun ẹnu rẹ̀ sókè díẹ̀ sí i.