Ọṣẹ Tí Kì Í Hó

Òòyà há. Onídìrí dorí kodò sínú abọ́ ńlá, omi ń kán ní etí rẹ̀ méjèèjì, Afínjú sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fa òòyà náà díẹ̀díẹ̀. Kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn. Ọrùn ọwọ́ tó ti ń dun Afínjú láti ìgbà díẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

"Fi sílẹ̀," ni Onídìrí wí. "Fi sílẹ̀ kó o tó fa gbogbo rẹ̀ tu."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n tún bu omi sí i."

Omi ò ràn án. Irun náà ti dì mọ́ra wọn, ó ki lọ́wọ́ bí ìgbà tí èèyàn fi àbẹ́là pa á.

Ó pẹ́ tí Afínjú ti ń bẹ obìnrin yìí pé kó jẹ́ kí òun máa gbé ọjà òun sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Onídìrí kì í ṣe ẹni tí ẹnu dídùn ń mú. Ó ní orí òun lòun máa kọ́kọ́ fi dán an wò, òní sì ni ọjọ́ náà pé. Kọ̀ndíṣọ́nà líle ni ohun tí Afínjú ń ṣe, àmọ́ àwọn ará àdúgbò ti sọ ọ́ ní ọṣẹ tí kì í hó. Òrí ni, òróró àgbọn ni, pẹ̀lú oríṣi hóró funfun méjì tí wọ́n ń yọ lára igi àti ewéko: ọ̀kan ń mú irun rọ̀, ìkejì dà bí ìda, òun ló ń mú kí ọṣẹ náà le, àmọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i; tó bá pọ̀ jù, irun á dì. Á yọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí omi gbígbóná, á dà á sínú agolo pẹlẹbẹ, á jẹ́ kó dì. Bí èèyàn bá fọ irun tán, á fi pa irun tútù náà, òòyà á sì máa yọ̀ lọ gẹ̀ẹ́rẹ̀. Kódà ọmọ Afínjú tó máa ń sá sábẹ́ ibùsùn tó bá ti rí òòyà, ó ti ń jókòó jẹ́ẹ́.

Onídìrí gbórí sókè, ó fi táwẹ̀lì wé e. "Ṣé irú èyí tó o fi hàn mí lọ́jọ́sí náà nìyí?"

"Òun ni, mà."

"Kì í ṣe òun. Mi ò lè gbé èyí síwájú oníbàárà. Tí wọ́n bá máa bú èèyàn, èmi ni wọ́n máa bú." Ó wo ojú Afínjú, àánú rẹ̀ sì ṣe é díẹ̀. "Bó o bá ní òmíràn, mú un wá kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Tó bá dọ̀la, ti ẹlòmíràn ni mo máa gbà."

Afínjú di ẹrù rẹ̀, ó jáde. Kò tíì dé ìkóríta tí ọkàn rẹ̀ fi mú ẹnì kan ṣoṣo: Òpéléńgé, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Afínjú fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Òpéléńgé lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ, nítorí ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín. Láti ọjọ́ náà, "ẹ" ni wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n ń pọ́n ara wọn lé débi pé ẹnì kan ò mọ inú ẹnì kejì.

Ta ló tún kù? Ọkọ òun ò mọ ìyàtọ̀ òrí sí bọ́tà. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ṣebí Òpéléńgé yìí ló ń béèrè bóyá kí òrí yọ́ tán ni kí wọ́n tó da hóró sí i, àbí wọ́n jọ ń yọ́ ni? Ta ní ń béèrè irú ìyẹn bí kò bá ní nǹkan lọ́kàn? Ṣebí òun ló fi fóònù ya ìkòkò, tó ní ó kàn wu òun wò ni? Ọjọ́ kan, Afínjú rí ojú àtàǹpàkò olóròóró lára òṣùwọ̀n tí òun ti nù mọ́ fínnífínní. Nígbà tó bi í, ó ní òun kàn ń wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni.

Ìfura loògùn àgbà. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Afínjú ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó da hóró tó ń mú irun rọ̀ sínú ike tó kọ ìda sí lára, ó sì da hóró ìda sínú ike kejì. Àwọn hóró náà jọra bí ọmọ ìyá. Kò yí ohun tó kọ sára ike padà. Òun nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jí ọgbọ́n òun, kó jí wàhálà. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, ó sì sùn fọnfọn.

Àpọ̀jù ìda ló wà lórí Onídìrí yẹn, ó dá a lójú. Tàkúté ti mú ẹran. Òpéléńgé ti ṣe tirẹ̀, ó sì ti fi í pààrọ̀ tòun kí òun lè tẹ́ lójú gbogbo ayé. Inú bí i débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rẹ́rìn-ín.

Ó bá Òpéléńgé lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ àwọn agolo.

"Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀. Ṣé ó gbà á?"

"Òpéléńgé, ta ló ṣe ọṣẹ tí mo gbé jáde láàárọ̀?"

Ó ti múra sílẹ̀ de irọ́. Irọ́ ò wá.

"Èmi ni," ni Òpéléńgé wí, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Òjò àná gba ojú fèrèsé tí ẹ gbé tiyín sí wọlé, gbogbo rẹ̀ ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Orí ń fọ́ yín, ẹ ti sùn, mi ò sì fẹ́ jí yín. Mo jí ní ìdájí, mo tún un ṣe. Ilé ìwẹ̀ ni mo wà nígbà tí ẹ jáde. Mo pè yín títí, ẹ ò gbọ́."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ta ni ì bá kọ́ mi bí kò ṣe ẹ̀yin? Ẹ̀gbọ́n mi ní ọwọ́ ń dùn yín, pé tó bá yá ẹ ò ní lè máa rò ó mọ́. Mo ní kó tó dìgbà yẹn, kí n ti mọ̀ ọ́n." Ẹ̀rín náà dúró díẹ̀. "Àbí ó bàjẹ́ ni?"

"Òòyà ò kọjá."

Òpéléńgé gbé agolo sílẹ̀. "Mo mọ̀ pé mo máa ṣì í. Mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n. Mo ka ohun tó wà lára ike dáadáa, Ìyàwó wa. Ẹ forí jì mí. Mo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́." Ó ti ń tẹ orúnkún wálẹ̀ kí Afínjú tó gbá apá rẹ̀ mú.

Irọ́ wá pọ̀ lẹ́nu Afínjú nígbà náà. Ó lè ní òrí náà ti pẹ́ jù. Ó lè ní ẹni tó ta hóró fún òun ló ṣe èrú. Òpéléńgé á gbà á gbọ́, á sì máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ títí ayé. Ojú ti Afínjú, ojú tì í gan-an.

"Ẹ ò ṣì í," ló wí. "Èmi ni mo pààrọ̀ ohun tó wà nínú ike méjèèjì."

"Kí ló dé?"

Afínjú gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Òpéléńgé kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wo ojú rẹ̀ títí, ó sì yọ apá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Nítorí mi ni?"

"Nítorí yín ni."

Òpéléńgé nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. "Ó dáa, Ìyàwó wa. Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ẹ tètè ṣe òmíràn kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù."

Afínjú gbé omi kaná. Òrí yọ́, òróró yọ́, ó wọn hóró, ó rò ó, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń ta á, kò sì sinmi. Ó dà á sínú agolo, ó gbé e sínú fìríìsà kó lè tètè dì, kí òrí má bàa dì ní hóró-hóró bí iyẹ̀pẹ̀. Ó fi ṣóńṣó èékánná tẹ èyí tó kọ́kọ́ dì. Ó dán, ó le, kò ní àbùkù kankan. Onídìrí á gbà á.

"Òpéléńgé," ló pè, "ẹ wá wo bó ṣe dì."

Ìdáhùn wá láti ẹ̀yìnkùlé, ohùn náà tutù, ó sì ní ọ̀wọ̀, irú ohùn tí wọ́n fi ń dá àlejò lóhùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyàwó wa. Mo ń sá aṣọ lọ́wọ́."

Afínjú dúró ti ìkòkò òfìfo náà. Ó ti yọ́ ọ, ó ti rò ó, ó ti dà á, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan.