Àlàfo Tí Ọ̀pá Ìyá Mi Kò Lè Wọ̀

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ìyá mi kò fi ẹsẹ̀ kan ìta. Orí afárá pákó kékeré kan ni ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn há sí, láàárín pákó méjì, ni wọ́n bá ṣubú, egungun ìtan wọn sì fọ́. Nígbà tí ara wọn yá, wọ́n ní ìta tó gẹ́ẹ́. Ojú fèrèsé ni wọ́n wá ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń wo ẹ̀yìnkùlé ara wọn bí ẹni ń wo ilé onílé.

Èmi ni mo ní ká kan fàráńdà pákó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, kó bá ilẹ̀ yàrá wọn dọ́gba, kí wọ́n má baà ní àtẹ̀gùn kankan láti sọ̀.

"Tí àlàfo bá wà láàárín pákó rẹ̀," ni wọ́n wí, "ìwọ nìkan ni wàá máa jókòó síbẹ̀."

Mo ṣèlérí pé kò ní sí. Máṣíìnì ìránṣọ ni mo ń tún ṣe. Ohun tí mo mọ̀ nípa igi kò ju pé ó ń jóná lọ.

Ó-Ku-Díẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe káfíńtà tí mo bẹ̀ níṣẹ́, torí ìdáhùn tó máa ń fún oníbàárà tó bá bi í bóyá iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ó wọn ibẹ̀, ó ṣírò, ó kọ iye owó sẹ́yìn páálí. Mo wò ó, mo wá ibi jókòó. Owó ọwọ́ mi kò ju ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ.

"Kí la lè yọ níbẹ̀?"

"Ohun tí ojú kì í rí làwọn èèyàn máa ń yọ," ó ní. "Ẹsẹ̀ sìmẹ́ńtì abẹ́ òpó, àti ìṣó tí kì í dípẹtà. Tó bá fi máa di ọdún kejì, wọ́n á tún wá pè mí."

Ó ṣàlàyé fún mi, mo sì gbádùn àlàyé náà ju bó ṣe yẹ ẹni tí owó rẹ̀ kò tó. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún ọ̀rinrin bíi tiwa, òjò gan-an kọ́ ni ọ̀tá pákó. Omi tó dúró sójú kan ni, àti afẹ́fẹ́ tí kò rí ọ̀nà kọjá. Òpó tó bá kan ilẹ̀ á máa fa omi bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, ikán á sì tẹ̀ lé omi. A kò yọ sìmẹ́ńtì àti ìṣó. A kò fọwọ́ kan igi ìdìmú tí ìyá mi á máa dì mú létí rẹ̀. A yọ ọ̀dà tó ń dán, a sì dín fífẹ̀ fàráńdà kù, kó gba àga méjì dípò mẹ́rin. Owó tó ṣẹ́ kù lè ra pákó lẹ́ẹ̀kan péré. Tá a bá fi ṣòfò, fàráńdà parí nìyẹn.

"Ó wá ku àlàfo," ni Ó-Ku-Díẹ̀ wí. "Ìbú ìka kan láàárín pákó kọ̀ọ̀kan."

"Kò gbọdọ̀ sí àlàfo."

"Ọ̀gá, pákó máa ń wú o."

"Ṣé ìwọ lo máa sọ fún ìyá mi?"

Ó bojú wo fèrèsé. Ìyá mi ti ń wò ó tipẹ́. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò ná," ó ní.

Ó kan ègé pákó mẹ́ta pọ̀ láìsí àlàfo, ó kan mẹ́ta mìíràn pẹ̀lú àlàfo ìka kan, a sì gbé méjèèjì síta. Òjò rọ̀ lé wọn lórí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èyí tí kò ní àlàfo ti ti ara rẹ̀ títí àárín rẹ̀ fi ká ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó rí ajá. Omi dúró létí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti ń yọ̀. Mo gbé méjèèjì wọlé lọ bá ìyá mi.

Wọ́n fọwọ́ pa èyí tó ká ẹ̀yìn lára. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ránṣọ. Máṣíìnì wọn ni mo fi kọ́ṣẹ́.

"Ṣé ẹ rẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tó kàn án?"

"Ká rẹ kí ni, Màmá?" ni káfíńtà béèrè.

"Aṣọ tó bá máa ń sún kì, mo máa ń rẹ ẹ́ sómi kí n tó gé e, kó sún kì tẹ́rùn. Ẹni tí kò bá rẹ ẹ́, ẹ̀wù bàbá ló máa rán, ẹ̀wù ọmọ ni wọ́n máa gbé padà wá bá a. Igi yín yìí ń ṣe bí aṣọ, àmọ́ wíwú ni tiẹ̀."

Ó-Ku-Díẹ̀ gbé ègé pákó náà yẹ̀ wò. "Inú ṣọ́ọ̀bù mi gbẹ, páànù orí rẹ̀ ń gbóná," ó ní. "Tá a bá kó pákó wá síbí, ká tò ó sábẹ́ òrùlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, afẹ́fẹ́ ibí á ti wọ̀ ọ́ lára. Á ti wú ká tó kàn án. Wíwú tó máa kù..."

"Á ku díẹ̀," ni ìyá mi wí.

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ilẹ̀kùn mú. "Àmọ́ Màmá, díẹ̀ náà ń fẹ́ àyè."

"Aránṣọ wo ni kì í fi àyè sílẹ̀ lójú ìrán? Àyè ìka yín yẹn ni mi ò fẹ́." Wọ́n na ọ̀pá wọn sí i. "Ẹ fi ẹsẹ̀ rọ́bà rẹ̀ wọ̀n ọ́n."

Ìbú ìṣó ńlá kan la fẹnu kò sí: omi á rí ibi gbà, bí pákó bá sì tún sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, rọ́bà náà kò ní lè wọ̀ ọ́. A to pákó sábẹ́ òrùlé, a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ó-Ku-Díẹ̀ kan gbogbo rẹ̀, ìṣó kan náà ló sì fi ń wọn àyè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lọ́jọ́ tó parí, ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé ọ̀pá lé àlàfo àkọ́kọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kò wọ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n tẹ èkejì. Gbogbo àlàfo pátá ni wọ́n tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n dé ìdí igi ìdìmú ni wọ́n tó yíjú padà.

"Ìdúró ni mo máa wà ni?"

Mo wọlé lọ gbé àga ojú fèrèsé. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi àpá sílẹ̀ lórí ilẹ̀.