Wúrà Lọ́wọ́ Bàbá Ummu

Nígbà tí ọyẹ́ ń la ètè gbogbo ará Ìlọrin, ẹ̀wù alápá péńpé ni ọkọ mi ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Gbogbo àdúgbò wa ní Adéwọlé ló ti wọ ẹ̀wù òtútù, àfi Hamzah tí eyín ń gbá ara wọn lẹ́nu rẹ̀. Aago ọwọ́ ló fà á. Bí apá ẹ̀wù bá gùn, ta ló máa rí aago?

Mi ò ní purọ́, aago náà rẹwà. Alhaji Abdulraheem, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló gbé e fún un nígbà tó lọ kí wọn ní Òkè-Òyì. Mẹ́kà ni Bàbá ti rà á, ní bí ogójì ọdún sẹ́yìn, lọ́dún tí ẹ̀wà oko wọn tà dáadáa. Síbẹ̀, kò sí ibì kan tó họ lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun bíi wàrà, ẹ̀wọ̀n wúrà rẹ̀ ń yọ̀ lọ́wọ́. Kò lo bátìrì, àràárọ̀ lèèyàn ń yí i. Bí ilé bá dákẹ́, ẹ ó máa gbọ́ ọ, ó ń rọra dún bí ẹni tó ń fi eyín iwájú jẹ ẹ̀pà. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbé e sétí kí n sùn. Ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án?

"Bàríkísù, epo wà lọ́wọ́ rẹ," ni yóò wí.

Kò sí epo lọ́wọ́ mi o. Tíṣà ni mí, ṣọ́ọ̀kì ló máa ń wà lọ́wọ́ tèmi.

Bí ẹnikẹ́ni bá kí Hamzah "ẹ káàárọ̀," aago ni yóò kọ́kọ́ wò kó tó dáhùn, bí ẹni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá àárọ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá ní mọ́sálásí àdúgbò wa, ó bọ́ aago, ó ń wá ẹni tí yóò bá a dì í mú. Nínú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, Àáfà Naeem tó ń kírun fún wa ló rí.

"Àáfà, ẹ bá mi dì í mú. Ẹ rọra o, wúrà ni. Ògidì!"

Ó bu omi sẹ́nu. Àáfà yẹ aago náà wò síwá sẹ́yìn.

"Ẹ sì mọ̀ pé harámù ni wúrà fún ọkùnrin?"

Omi tí Hamzah fẹ́ fi fọ ẹnu, ṣe ló gbé e mì.

"Háà, Àáfà, eré ni mò ń ṣe! Omi wúrà ni wọ́n kàn fi pa á lára. Irin lásán ló wà nínú rẹ̀."

Àwọn tó ti ń gbọ́ "ògidì, ògidì" lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ yìí bú sẹ́rìn-ín. Àáfà dá aago padà fún un.

"Ẹ lọ bi ẹni tó fún yín. Bó bá jẹ́ omi wúrà, ẹ máa wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ wúrà, ẹ bọ́ ọ fún ìyàwó yín."

Ọ̀rọ̀ yìí dé etí mi kí Jímọ̀ tó tú tán. Lọ́jọ́ Sunday tó fẹ́ lọ bi Bàbá, èmi ni mo kọ́kọ́ wọ mọ́tò.

"Ìyá Ummu, níbo lò ń lọ?"

"Òkè-Òyì ni. Ó pẹ́ tí mo ti kí Bàbá."

Ní ọ̀nà, ó ń gbàdúrà kó jẹ́ ayédèrú, èmi ń gbàdúrà kó jẹ́ ògidì. Nínú mọ́tò kan náà, Ọlọ́run kan náà là ń bẹ̀.

A bá Bàbá lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń wo àwọn ewúrẹ́ wọn. Hamzah dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, aago yìí, omi wúrà ni, àbí?"

"Omi kẹ̀? Wúrà ni, látòkè délẹ̀! Kí lo rò pé ó fà á tí mi ò fi wọ̀ ọ́ rí? Mo ti sanwó tán kí wọ́n tó rán mi létí pé harámù ni fún ọkùnrin. Láti ìgbà náà, mo ń yí i, mo ń nù ún, mo ń wò ó, mo sì ń dá a padà sínú àpótí."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi fún mi?"

"Ta ló fún ọ? Mo ní, 'Gba aago yìí.' Kí n tó sọ pé kí o mú un lọ fún ìyàwó wa, o ti dọ̀bálẹ̀, o ti dúpẹ́, o ti wọ mọ́tò lọ!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Abdulhaleem ni mo fẹ́ fún tẹ́lẹ̀," ni wọ́n wí. Ìyàwó wọn tó ti kú nìyẹn. "Bí mo bá ń nù ún, ó máa ń wò mí. Kò bèèrè rí. Mo ní bó bá di Iléyá, màá fún un. Bí Iléyá bá dé, ọkàn mi ò ní gbà, màá ní ó di ẹ̀ẹ̀míì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí ó fi lọ."

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Àánú Bàbá ṣe mí, ti ìyá náà sì ṣe mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a ń padà, tí a dé oríta Post Office, tí ọkọ̀ dí ojú ọ̀nà, Hamzah bọ́ aago.

"Na ọwọ́."

"Bàbá Ummu, ẹ jẹ́ ká délé ná."

"Rárá. Na ọwọ́ báyìí."

Ojú ọ̀nà là níwájú wa. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fọn fèrè, oníkẹ̀kẹ́ kan ń ṣépè fún wa. Hamzah kò wo ẹ̀yìn. Kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń dé e, kò sì fẹ́ gbéra títí yóò fi dé e mọ́ mi lọ́wọ́.