Abọ́ Méjì

Bí Ìyá Olùkọ́ ṣe ka lẹ́tà náà tán, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn, kò tilẹ̀ rántí wọ bàtà. Ọdún méjì gbáko ló ti fi ń kọ̀wé sí àjọ aláàánú kan, tó ń béèrè owó fún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó dá sílẹ̀ lábẹ́ tapólì, nínú àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Wọ́n ti wá gbà báyìí. Owó ọdún mẹ́ta ń bọ̀, ọkọ̀ tó kó ìwé àti pẹ́ńsùlù sì ti dé ẹnu ọ̀nà.

Iléèwé ò ní agogo. Ló bá já ti ilé ìdáná gbà lọ́wọ́ alásè, ó ń lù ú kíkankíkan bí ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí. Ayọ̀ ò jẹ́ kó rántí pé agogo oúnjẹ ni. Kí ó tó ṣẹ́jú pẹ́, àwọn ọmọ ti tò lọ bẹẹrẹbẹ, kálukú pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

Ìyá Olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. “Ó dáa náà, ẹ gbé abọ́ yín wá.”

Ìwé kan, pẹ́ńsùlù kan, ló ń bọ́ sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọmọ sì ń fò sókè. Ó wá kan ọmọbìnrin kan tó gbé abọ́ méjì dání.

“Ìwọ ọlọ́kánjúwà yìí, méjì kẹ̀?”

“Ti màmá mi ni ìkejì, mà. Àwọn náà ò mọ̀wé.”

Ìyá Olùkọ́ fi ìwé sínú méjèèjì. Ó ní, “Aago mẹ́jọ la máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Sọ fún wọn kí wọ́n má pẹ́.”