Ẹni Tó Bá Dìde

"Ẹ jókòó, ọkàn mi," ni Yaneisi wí, kò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lára èékánná tó ń kùn. "Ẹ mọ òfin. Ẹni tó bá dìde ti pàdánù àyè rẹ̀."

Evelio aládùúgbò mi ló ń bá wí, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ìrèké, kí wọ́n tó ti ilé iṣẹ́ ṣúgà ìlú wa pa. Kò tíì dìde o. Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga bí ẹni tó fẹ́ gbìyànjú ni. Ó tún fìdí kalẹ̀, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Nereida," ó ní, "àyà tiwa ni ọkàn ti ń ṣàìsàn, ẹnu tirẹ̀ ló ń gbé."

Gbogbo àwa tó jókòó ní gbàgede ilé ìwòsàn la bú sẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àrùn ọkàn ló kó wa jọ síbẹ̀, kò sì sí ẹni tí Yaneisi, tó ń gba èrò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kì í pè ní ọkàn mi. Ọkàn mi, kò sí oògùn. Ọkàn mi, dókítà ò wá. Ó máa ń dà á sí wa lórí bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni dókítà ọkàn máa ń ti ìlú ńlá wá bá wa. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n dá fún wa, a ò rí i. Wọ́n ní ká padà wá lọ́la, a padà wá. Ọ̀la yẹn náà di ọ̀la. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ lohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, a sì ti ń wá láti Ọjọ́ Ajé yẹn láì fo ọjọ́ kan.

Kí ọ̀gá tuntun tó dé ilé ìwòsàn náà, a kì í tò ní ìlú wa. Ńṣe la máa ń béèrè. Bí o bá dé ibi tí èrò wà, wàá ní, "Ta ló kẹ́yìn?" Ẹnìkan á ní òun ni, ó parí. Ẹnu onítọ̀hún ni àyè rẹ wà. O lè lọ ra búrẹ́dì, o lè lọ sílé lọ bá ọkọ rẹ jà kí o sì borí, nígbà tí o bá padà dé, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun ò mọ̀ ọ́. Ọ̀gá tuntun ní ìwà jágbajàgba ni. Ó ní àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ láti olú ìlú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bá wa lórí ìlà. Ó to àga kalẹ̀. Ibi tí o bá jókòó sí ni àyè rẹ. Bí o bá kúrò níbẹ̀, o tún di ẹni ìkẹyìn.

Ilé ìtọ̀ kan ṣoṣo tí a ní ńkọ́? Ó kùn ún, ó fi ọṣẹ àti aṣọ ìnuwọ́ sí i, ó tì í pa de àwọn àlejò. Ó ní àwa arúgbó máa dọ̀tí rẹ̀. Ọrùn Yaneisi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá mú kọfí tàbí ẹyin dání wá, kọ́kọ́rọ́ náà a máa gbọ́ èdè. Mo fojú ara mi rí ìyàwó ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ó wọlé, ó jáde, ọwọ́ rẹ̀ ń ta sánsán, ó sì gba iwájú wa kọjá bí ẹni ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ó rí mi lára nígbà yẹn, ó ń rí mi lára títí di òní.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé ìtọ̀ yìí máa yé. Ọkàn tó ti rẹ̀ kò lágbára láti máa ti ẹ̀jẹ̀ kiri bó ṣe yẹ. Omi á jókòó sí ẹsẹ̀, á gun ikùn, á wọ ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn tó ń lé omi ló ń gbà wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá lò ó láàárọ̀, títí di ọ̀sán lo fi máa wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀. Nítorí náà, bó bá ti di ọjọ́ dókítà, a kì í lo oògùn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Ìtìjú ló kọ́ wa, torí kò sí àgbàlagbà tó fẹ́ tọ̀ sára lójú ọmọ ọlọ́mọ.

Evelio kì í sì í ṣe ẹni tó ń fi àìsàn rẹ̀ ṣeré. Kò jẹ iyọ̀ mọ́. Ó ní ẹ̀wà òun ń dùn bí omi òjò, ṣùgbọ́n ẹ̀wà náà ni. Ìrọ̀rí mẹ́ta ló fi ń sùn. Láràárọ̀ ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù Roldán, níbi tí ìjọba ti ń pín ìrẹsì fún wa, á gun orí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò, torí dókítà ti sọ fún un pé bó bá wúwo sí i lójijì, omi ni, kì í ṣe ẹran ara. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sọ àrùn náà fún un gan-an ló gbin kóró píà sẹ́yìn ilé. Àwọn èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló fẹ́ jẹ ẹ́, torí ọ̀pọ̀ ọdún ni kóró píà ń gbà kó tó so. "Èmi ni," ló máa ń wí. "Bó bá wu ọkàn yìí kó kú, kó dá lọ. Èmi ń dúró de píà mi." Ọdún yìí ni igi náà kọ́kọ́ yọ òdòdó. Nígbà tí mò ń sọ yìí, èso rẹ̀ ti tó àtàǹpàkò.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, èmi àti ẹ̀ jọ yà ní ọ̀dọ̀ Roldán. Evelio gun òṣùwọ̀n, abẹ́rẹ́ rẹ̀ fò sókè. Roldán pàtẹ́wọ́.

"Evelio, ẹ ti ń sanra! Ọmọbìnrin yín ní Miami ti rántí yín nìyẹn."

"Ẹ rọra máa jẹ ẹ́ o," ni obìnrin kan wí. "Bí òróró bá wà nínú ẹrù tó fi ránṣẹ́, ẹ má gbàgbé ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé àdúgbò."

Wọ́n ń kí i kú oríire. Ní ìlú tí gbogbo wa ti ń rù láti ọdún yìí wá, ta ni ọkàn rẹ̀ máa lọ sí i pé wíwú ni èèyàn ń wú? Evelio bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a jáde, ó fara ti ògiri.

"Omi ni," ó ní.

"Ẹ lo oògùn yín, ká padà sílé."

"Ó kù díẹ̀ kó tán, Nereida. Dókítà yẹn nìkan ló lè kọ òmíràn fún mi. Bí mo bá pàdánù rẹ̀ lónìí, ó di oṣù tó ń bọ̀. Jẹ́ kí n fara dà á. Nígbà tí píà bá gbó, kí o gbé àwo tìẹ wá."

Bí a ṣe dé orí àga nìyẹn. Bí oòrùn ti ń gòkè ni èémí rẹ̀ ń kúrú, ètè rẹ̀ sì ń dúdú. Mi ò dìde. Orí àga mi ni mo ti pariwo.

"Yaneisi, fún bàbá yìí ní kọ́kọ́rọ́, kó lè lo oògùn rẹ̀."

"Ọkàn mi, kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe tèmi. Òní ni àwọn àlejò ń bọ̀."

"Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń bọ̀?"

"Ẹ má bá mi jà, màmá mi. Igbó wà lẹ́yìn ilé."

"Tó bá lọ sínú igbó, àyè rẹ̀ ńkọ́?"

Ó fẹ́ atẹ́gùn sí èékánná rẹ̀.

Nígbà náà la gbọ́ ìró ọkọ̀ dókítà. Ojú Evelio tàn. "Mo sọ fún ọ," ó ní, "mo sọ fún ọ pé ó ń bọ̀." Wọ́n pe ẹni tó wà níwájú rẹ̀ wọlé. Òun ló kàn, èmi ló tẹ̀ lé e. Ó gbé orí lé èjìká mi, mo rò pé ó fẹ́ sinmi díẹ̀ ni. Mo wá rí omi tó ń kán láti orí àga rẹ̀ sórí bàtà rẹ̀, tó ń ṣàn lọ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Mo pè é. Kò dáhùn.

Dókítà sáré jáde, ó tẹ àyà rẹ̀ títí, ó tẹ́tí sí i, ó mi orí. Wọ́n gbé Evelio lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, kí àwọn àlejò má baà rí i. Ọ̀gá jáde wá. Kò béèrè orúkọ ẹni tó kú. Àga ló ń wò.

"Ẹ tètè nu ibí yìí," ó ní. "Wọ́n ti dé orí afárá."

Yaneisi bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀. Mo rí inú rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí: àwo ìfọwọ́ funfun, ọṣẹ, aṣọ ìnuwọ́ aláwọ̀ aró tí a ká dáadáa. Ó pọn omi níbẹ̀. Ó fi ọṣẹ olóòórùn dídùn náà fọ àga Evelio, ó tún un fọ̀, ó sì fi aṣọ ìnuwọ́ yẹn nù ún gbẹ. Ó ti ilẹ̀kùn padà, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn, ó gbé àga náà padà sórí ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ wọlé, ọkàn mi," ó wí fún mi. "Ẹ̀yin ló kàn."

"Evelio ló kàn."

"Màmá, Bàbá Evelio ti..."

"Kò dìde," mo wí. "Ẹ̀yin lẹ gbé e."